Ohun tí ó mọ́ ní í kó ènìyàn mọ́ra

Ẹni tí ó bá sùn ní Ire-Akárí, ní ìhà Ìsọlọ̀, kò nílò aago láti jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ìpè àdúrà mọ́ṣáláṣí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yóò máa dá ara wọn lóhùn. Orúkọ àdúgbò náà dùn létí: ire tí ó kárí gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ṣé bí ariwo ẹ̀sìn ti kárí tó yìí náà ni ìwà mímọ́ kárí?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ń gbé ibẹ̀ bi mí léèrè ní ọjọ́ kan pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ta ni ìwà mímọ́ tún ń wù láyé ìsinsìnyí? Owó àti iṣẹ́ ìyanu ni àwọn ènìyàn ń bá lọ sí ilé ìsìn." Bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ, mo rí i pé ẹni mímọ́ tí òun mọ̀ ni ẹni tí ojú rẹ̀ le koko, tí ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọnìkejì lọ́rùn. Irú ìyẹn kò lè wu ẹnikẹ́ni lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bi èdè wa léèrè. Omi mọ́, ilé mọ́, ojúmọ́ mọ́. Ohun tí kò ní ìdọ̀tí ni ó mọ́. Ohun tí ó lé òkùnkùn lọ ni ó mọ́. Àwọn tí ń bọ Òòṣàńlá mọ èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Aṣọ àlà ni wọ́n ń wọ̀. Omi àjípọn ni wọ́n ń gbé síwájú òrìṣà, ẹni tí ó bá sì lọ pọn ọ́n kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà. Ta ni yóò rí omi tí ó mọ́ gaara bẹ́ẹ̀ tí kò ní wù ú láti bù mu?

Ẹ rántí Mósè Orímọ́ládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́-Àkókó. Kò rí ilé-ìwé lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dá ṣáká; síbẹ̀ ó wàásù láti ìlú dé ìlú kí ó tó dé Èkó ní 1924. Ilé ẹni tí ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èbúté-Èrò ni ó kọ́kọ́ wọ̀ sí. Ní oṣù kẹfà 1925, wọ́n pè é kí ó wá gbàdúrà fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí ó wà lójú ìran. Ọmọ náà jí, òkìkí kàn, èrò sì ń wọ́ tọ̀ wọ́n lọ. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni ó fa èrò náà. Mo gbà pé òun ni ó kọ́kọ́ pè wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí aáwọ̀ pín ẹgbẹ́ náà sí méjì ní 1929, iṣẹ́ ìyanu kò lè so wọ́n pọ̀. Orímọ́ládé papò dà ní 1933, títí di òní ni àwọn ènìyàn sì ń lọ sí ibojì rẹ̀ ní Òjòkòrò. Bàbá Aládùúrà ni wọ́n ń pè é, wọn kò pè é ní olówó.

Kí a má lọ jìnnà. Ìyá kan wà ní Ire-Akárí yìí kan náà tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. N kò gbọ́ kí ó wàásù rí. Bí tọkọtaya bá jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi owó pamọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń kó o sí. Mùsùlùmí ń lọ, Kìrìsìtẹ́nì ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi náà jẹ́wọ́ pé ní ọjọ́ tí bàbá òun kú, ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni òun sáré lọ, kí òun tó rántí pé òun ní pásítọ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, o ti dáhùn ìbéèrè rẹ."

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, bí a bá ń wá ẹni tí a ó fi àwọn ọmọ wa lé lọ́wọ́ nínú ẹ̀sìn, kí a má ṣe wo gígùn ọkọ̀ rẹ̀ tàbí bí ohùn rẹ̀ ti ń dún tó. Kí a bi àwọn tí ń bá a gbé inú ọgbà kan náà léèrè. Ẹ̀fín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.