Pàṣán kọ́ ni òògùn ìbóra

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé kí a fi pàṣán lé ìbóra kúrò lára àwọn ọmọdébìnrin kò rò ó jinlẹ̀. Ìyá tó ń bóra, ẹnu wo ló fẹ́ fi bá ọmọ wí?

Àlàyé ni ọmọ nílò. Ojú ti pupa, oríkèé ọwọ́ ṣì dúdú kirikiri. Èyí tí a ń rí nìyẹn; èyí tí a kò rí tún wà. Mẹ́kúrì inú ìpara mìíràn a máa ba kíndìnrín jẹ́. Sítẹ́rọ́ìdì inú òmíràn a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ọgbẹ́ kì í tètè jinná, bí dókítà bá sì fẹ́ rán an, okùn lè fà á ya. Àwọ̀ dúdú tí wọ́n ń bó yìí gan-an ló ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn!

Ọdún 2023 ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Nàìjíríà, ti kéde ìbóra ní pàjáwìrì ìlera. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yìí, kí ẹ sì là á yé wọn. Ìpara àpòpọ̀ tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má jẹ́ kó wọlé yín.

Òǹkàwé yín,
Ilé-Ogbó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun