Ṣúgà Wo Ló Ń Ṣe Ọ̀gá?

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ọkùnrin ẹni ọdún 38 kan tó ń gé bébà ní Shipeolu, láàárín àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, ìtọ̀ kì í jẹ́ kó sùn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ṣúgà ni. Nítorí pé àgbà ni, metformin ni wọ́n kọ fún un. Nígbà tó yá, wọ́n fi glibenclamide lé e. Oṣù mẹ́jọ kọjá, ṣúgà ò wálẹ̀, ṣòkòtò ò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ mà ti rù o." Àwọn aládùúgbò ní kó kó ẹnu níjàánu, gààrí ló jẹ jù.

Ó lè jẹ́ pé àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ni, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọmọdé nìkan ló ń ṣe. Sójà ara ló ń bá ibi tí insulin ti ń jáde jà, ìjà náà a sì máa fi àmì sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àmì yìí ni antibody. Lára àgbà, ti GAD ni láàbù sábà máa ń kọ́kọ́ wá.

Àwọn tó fẹ́ kí a máa ṣe àyẹ̀wò GAD yìí ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Nínú ìwádìí UKPDS nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àbájáde tó jáde lọ́dún 1997 fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lára àwọn tí wọ́n ti pè ní oríṣi kejì ló ní irú àmì yìí. Láàárín àwọn ẹni ọdún 25 sí 34, ó tó ẹnì kan nínú mẹ́ta, ọ̀pọ̀ wọn sì ti bọ́ sórí insulin kí ọdún mẹ́fà tó pé. Ní Bàrígà, mo tún rí àǹfààní mìíràn tí ìwé ìṣègùn kì í kọ. Ẹni tó mọ orúkọ àìsàn rẹ̀ lè kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá gbé àgbo wá tó ní kó da abẹ́rẹ́ nù. Bí onítọ̀hún bá jẹ́ oríṣi kìíní, ọjọ́ díẹ̀ láìsí insulin lè pa á.

Ṣùgbọ́n àpò aláìsàn ló ń sanwó. Lọ́dún 2023 tí GSK kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, tí náírà náà sì já wálẹ̀, oògùn gbówó lórí. Owó àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan yìí, owó strip àti abẹ́rẹ́ ni.

Ohun tó tún mú mi ṣiyèméjì ju owó lọ ni ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2025 láti Kamẹrúùnù, Ùgáńdà àti South Africa. Nínú àwọn 894 tí àtọ̀gbẹ mú kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọdún, tí dókítà pè ní oríṣi kìíní, nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní àmì kankan, bẹ́ẹ̀ insulin kò tó lára wọn. Ní Flatbush, ní New York, àwọn dókítà tún ti rí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ṣúgà gbé dé ọsibítù ní bèbè ikú, tí wọn kò ní àmì, tí wọ́n sì padà fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láìséwu. Ara tiwa ò kàwé UKPDS.

Nítorí náà, mi ò ní kí wọ́n máa yẹ gbogbo ẹni tó bá jókòó sábẹ́ kánópì àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ wò fún GAD. Nínú ọgọ́rùn-ún tára wọn dá ṣáká, àyẹ̀wò náà lè nàka sí ẹnì kan lásán. Ọ̀gá onítẹ̀wé wa ní tirẹ̀ tínrín, oògùn oníhóró ò sì ràn án: òun ni mo lè bá wá owó rẹ̀. Kí wọ́n má kàn fi insulin dúró de èsì. Bí èsì bá sì ní kò sí àmì, kó má tíì ju abẹ́rẹ́ nù. GAD ń béèrè ẹni tó ń jalè nínú abà. Àyẹ̀wò C-peptide ló ń wo iye iṣu tó kù, ìyẹn insulin tí ara ṣì ń ṣe. Bí ó bá ti tó ọdún mẹ́ta tí àtọ̀gbẹ ti mú un, ìyẹn ni kó lọ ṣe.