Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá kan ní Ajégúnlẹ̀ ń múra àtilọ gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tí yóò bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù Kejìlá. Ó bi wá léèrè bí ọ̀nà náà ti jìn tó.

Àwọn àgbà Àpápá kò gbàgbé Aureol, ọkọ̀ ojú omi tí ó ń kó èrò láàárín Ìlú Òyìnbó àti Èkó láti 1951 di 1974. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ni ó ń lò lójú òkun. Lónìí, ọkọ̀ òfúrufú tí kò yà níbìkan ń fò nǹkan bí kìlómítà 5,000 láti Ìkẹjà ní wákàtí mẹ́fà àbọ̀.

Ṣùgbọ́n, ìyá wa, ẹ má fi ìyẹn nìkan ṣírò. Ajégúnlẹ̀ sí Ìkẹjà kò tó kìlómítà 30, síbẹ̀ bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dí ọ̀nà Àpápá, wákàtí mẹ́ta lè lọ sí i. Wákàtí mẹ́ta mìíràn ni ti ìdúró ní pápá ọkọ̀. Bí ọkọ̀ yóò bá gbéra ní aago 11 òwúrọ̀, ẹ jáde nílé ní aago márùn-ún. Nígbà òtútù, aago Lọ́ńdọ̀nù ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Nítorí náà aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ó bá lọ́hùn-ún. Ẹ sọ èyí fún ọkọ ọmọ yín. Ẹ sì fi aṣọ òtútù sínú àpò ọwọ́, kì í ṣe inú àpótí.