Ọ̀nà Ọ̀fun Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Tí Epo Kò Fi Tó Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ eré ni a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá àwọn tí wọ́n ti fi tọ́bò ńlá rọ́pò èyí tó bá ọkọ̀ wọn wá. Nínú ìlú, ọkọ̀ náà kò ní àléébù kankan. Ṣùgbọ́n bí olówó rẹ̀ bá dé ojú ọ̀nà tó gbòòrò tí ó tẹ iná mọ́ ọn, yóò kọ́kọ́ ta síwájú bí àgbọ̀nrín, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ yóò sì rọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọn a sáré ra pọ́ǹpù tuntun. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, wọn a ra nọ́sù tí ń fọ́n epo. Owó a tán, àìsàn a kù.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ tọ́bò ni láti ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú rẹ̀; bí afẹ́fẹ́ bá sì pọ̀ sí i, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i pẹ̀lú. Nígbà tí ọkọ̀ bẹntiróòlù bá ń rìn jẹ́jẹ́, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 ni ó bá a mu. Bí tọ́bò bá ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, àwọn tó ń ṣètò ẹ́ńjìnnì sábà máa ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà láàárín 11 sí 12 sí epo 1. Bí epo bá wọ́n ní irú àkókò yẹn, ooru a pọ̀ jù, epo a gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, pístìnì sì lè yọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ nìyí: bí ọkọ̀ bá ti wúkọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ má ṣe tún un dán wò títí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni ó jẹ́ ti epo. Bí àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ tọ́bò lè mú kí iná rẹ̀ kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta kókó ni pé ẹ̀rọ tí ń wo èéfín ọkọ̀ yóò sọ pé epo ló wọ́n, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí kò jó ni ó rí nínú èéfín náà. Ẹ yẹ plọ́ọ̀gì wò ná, kí ẹ tó so géèjì ìfúnpá mọ́ ọ̀nà epo. Ìfúnpá ni ipá tí a fi ń ti epo lọ síwájú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọ̀pá epo wọ inú ọkọ̀ nítorí géèjì. Èyí tí ń fi wáyà ránṣẹ́ ni kí ẹ lò.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí epo wọn ń padà sí táǹkì, bí a bá yọ rọ́bà kékeré tó so rẹ́gúlétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, géèjì yóò sọ nǹkan bíi 43 psi. Bí a bá dá rọ́bà náà padà, gbogbo psi 1 tí tọ́bò bá fi kún afẹ́fẹ́ ni rẹ́gúlétọ̀ gbọ́dọ̀ fi kún epo. Bí tọ́bò bá ń ti 15, 58 ni kí géèjì sọ. Bí ó bá sọ 58 síbẹ̀ tí epo ṣì wọ́n, pọ́ǹpù kò jẹ̀bi: nọ́sù ti dọ̀tí tàbí ó kéré jù, tàbí kí a má tíì ṣètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Nọ́sù tó bá ń ṣí sílẹ̀ ju ìdá 85 nínú 100 lọ ti dé òpin agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí géèjì bá ń wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ iná, ẹ̀yìn ni kí ẹ yíjú sí: fíltà, pọ́ǹpù, wáyà àti táǹkì.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Pọ́ǹpù tí wọ́n kọ 255 lítà ní wákàtí kan sí lára kò lè gbé iye yẹn bí iná tí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò bá tó. Wáyà tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà, pọ́ǹpù kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí ríwáyà wọn iná bátìrì, kí ó sì wọn ti ẹnu pọ́ǹpù nígbà tí iṣẹ́ bá le. Bí bátìrì bá ní fóòtì 14 tí ti pọ́ǹpù jẹ́ 11, ẹ ti rí olè náà. Wáyà tó nípọn, rílè tirẹ̀, àti fíúsì tó wà nítòsí bátìrì ni oògùn rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé nínú Toyota Supra A80 onítọ́bò, tó jáde ní 1993, àpótí kékeré kan ń dín iná pọ́ǹpù kù nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́, ó sì ń fún un ní iná kíkún bí iṣẹ́ bá le. Ẹni tó bá wọn iná níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró lè dá ohun tí kò ṣẹ̀ lẹ́bi.

Bí iná bá pé, ẹ wo táǹkì. Bí ọkọ̀ bá ń wúkọ́ ní kọ́nà nìkan nígbà tí epo ti lọ sílẹ̀, epo ló ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí pọ́ǹpù sì ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ rọ epo kún un kí ẹ tó náwó. Ẹni tí ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì nígbà ọ̀wọ́n epo gbọ́dọ̀ yẹ asẹ́ tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù wò, nítorí ìdọ̀tí.

Bẹntiróòlù kì í ṣe omi. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ tú ọ̀nà epo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ fíúsì pọ́ǹpù, kí ó ta ẹ́ńjìnnì títí yóò fi kú, kí ìfúnpá lè rọlẹ̀. Ìta gbangba ni kí ó ti ṣe é, kí ohun ìpaná sì wà nítòsí. Bí ẹ bá parí, ẹ má ṣe fi títì dán an wò. Ẹ̀rọ kan wà tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dán an wò.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tí géèjì sọ sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Géèjì kan kò tó owó ẹ́ńjìnnì kan, ẹ́ńjìnnì kan kò sì tó ẹ̀mí ènìyàn. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.