Kì í Ṣe Òyìnbó Nìkan Ni Fíìmù Yẹn Ń Bá Wí



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wo Don't Look Up, fíìmù Adam McKay tó dé orí Netflix ní oṣù Kejìlá 2021. Onímọ̀ ìràwọ̀ méjì rí ìràwọ̀ onírù kan tó máa pa ayé rẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Wọ́n sọ fún ààrẹ, ìbò ló ń rò. Wọ́n lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Olówó kan tiẹ̀ ní kí wọ́n má tíì fọ́ ọ, ohun iyebíye wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín pa wá títí ayé fi parí.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. A ò gbà. Ọ̀rọ̀ àwa ará Bè ni.

Láti ìwọ̀-oòrùn ni òkun ti ń gbé iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Lomé ní 1968, ògiri òkúta rẹ̀ ń dá iyanrìn náà dúró. Lápá tiwa, etíkun ń fẹ̀ sí i. Lódì kejì, láti Baguida títí dé Aného, òkun ò rí iyanrìn gbé mọ́, ilẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ló ń kó lọ, tilé tọ̀nà. Iyanrìn tí à ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, ààbò ilé ẹlòmíì ni.

Àwọn ará inú fíìmù kò gbójú sókè. Àwa kò yíjú sí ìlà-oòrùn.

Àwọn mìíràn ní àmì ìgbẹ̀yìn ayé ni, ká máa gbàdúrà. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló kọ́ èbúté. A ò ní kí wọ́n tì í pa. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń jẹun. Ohun tí a ń sọ ni pé owó tó ń wọlé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dáàbò bo etíkun tó ń bà jẹ́.

Àwa náà ńkọ́? Ìjọba ti fòfin de kíkó iyanrìn etíkun, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń rà á torí pé ó pọ́ọ́kú. Wọn ò yàtọ̀ sí olówó inú fíìmù yẹn. Ẹ má sì sọ pé àlejò ni wá. Àlejò tó ń kọ́lé ti di onílé.

Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́, kó bi oníyanrìn rẹ̀ léèrè lónìí: níbo lẹ ti kó o?