Ẹ̀fọ́ Wa ní Ìlú Òtútù

Lẹ́tà méjì ni ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò aṣọ kan ní Ìbàdàn, èkejì láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan. Wọ́n ń béèrè bí òtítọ́ ni pé ènìyàn lè gbin ẹ̀fọ́ wa sí ẹ̀yìnkùlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá náà ń múra àtilọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, kò sì fẹ́ jókòó lásán láàárín ògiri mẹ́rin.

Èsì mi ni pé ó ṣeé ṣe. Ó di ọdún kẹta tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Manchester, mo sì ti jẹ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ìmọ̀ oko Ìbàdàn nìkan lọ, yóò pàdánù.

Nílé, òjò ni à ń wò kí a tó gbìn. Ní Manchester òjò kò wọ́n ẹnikẹ́ni. Ooru ni ó wọ́n. Ìrì dídì, èyí tí í máa funfun lórí koríko ní òwúrọ̀, lè wá títí di ìdajì oṣù karùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì tún padà ní oṣù kẹwàá. Òru kan péré tó fún un láti sọ ewé tẹ̀tẹ̀ di bíi pé a tẹ̀ ẹ́ bọ omi gbígbóná. Nítorí náà, bí oṣù mẹ́rin ni ohun tí a ní lọ́wọ́. Baba kan tí mo mọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, rí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ó sì kó gbogbo irúgbìn rẹ̀ síta. Oòrùn ilẹ̀ náà bí àlejò ni. Kí o tó gbé àga fún un, ó ti dìde. Baba kò rí ewé kan ká.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ní oṣù kẹrin a ó gbin irúgbìn sínú ike kékeré tí a ti lu nísàlẹ̀, a ó sì gbé e sí ojú fèrèsé nínú ilé. Ní ti ewédú, ẹ̀yin ìyá mọ èyí jù mí lọ: èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí iná, ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá, kí ẹ sì yọ ọ́ sínú omi tútù. Bí oṣù karùn-ún bá ń parí lọ, ẹ máa gbé e síta lọ́sàn-án, ẹ máa gbé e wọlé lálẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ara rẹ̀ lè mọ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó gbìn ín síta pátápátá.

Wàyí o, ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Nílé, ọ̀sán wa kì í jìnnà sí wákàtí 12 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ní Manchester, ní oṣù kẹfà, ọ̀sán ń gùn tó wákàtí 17. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, oòrùn kò ì tíì wọ̀. Ewédú sì jẹ́ ewéko tí í dúró de ọ̀sán kúkúrú kí ó tó tanná. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀sán bá gùn, ewé nìkan ni yóò máa yọ, kò ní yára gbó. Ẹ̀fọ́ Òyìnbó tí wọ́n ń pè ní spinach kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀sán gígùn ni ó ń mú un tanná, kí ẹ tó mọ̀, ó ti ga lásán, ewé rẹ̀ ti korò. Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ewédú wa ń ṣe dáadáa ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ, bí ó bá ti rí ibi tí atẹ́gùn kò ti ń gbá a, tí ògiri sì ń fi ooru fún un.

Ọ̀tá rẹ̀ ni ìgbín kan tí kò ní ìkarahun. Òru ni ó ń jáde, ó lè jẹ ogún ewé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì ṣeé sè. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ máa ṣà á kúrò lálẹ́.

Ìyá mi oníṣòwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di irúgbìn sí ìdí ìró tàbí sínú àpò gàrí. Láìsí ìwé àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìlera ohun ọ̀gbìn, òfin kò gbà á, wọn yóò sì gbà á lọ́wọ́ yín ní ibùdókọ̀ òfuurufú. Kòkòrò àti àrùn ni wọ́n ń sá fún. Ẹ ra irúgbìn níbẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì ń jẹ ewédú, molokhia ni wọ́n ń kọ sára pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ni àwọn ará Jàmáíkà ń pè ní callaloo. Ní ti ṣọkọ, ìbátan rẹ̀ ni Òyìnbó ń gbìn fún òdòdó: wọ́n ń wò ó, wọn kì í jẹ ẹ́!

Òfin kan ti ọdún 1908 fi dandan lé ìgbìmọ̀ ìlú láti wá ilẹ̀ ọ̀gbìn tí àwọn ará ìlú lè yá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà lórí ìlà, ẹlòmíràn a sì dúró fún ọdún púpọ̀. Garawa mẹ́rin tí a lu nísàlẹ̀ tó fún ẹni tí ó wá wẹ ọmọ. Kò ní dín owó ọjà kù ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí ilẹ̀dú tí wọ́n ń tà nínú àpò kò pọ́ọ́kú.

Síbẹ̀ mo rí ìyá kan láti Ìlá ní àdúgbò wa. Ọmọ rẹ̀ ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò gbọ́ èdè wọn, oúnjẹ sì ti ń sú u. Ọmọ náà gbé garawa mẹ́rin kalẹ̀ fún un. Kò pẹ́ tí ìyá fi ń jí lọ ka ewé. Obìnrin ará Jàmáíkà kan rí tẹ̀tẹ̀ náà lórí ọgbà, ó kígbe "Callaloo!" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fún ara wọn ní ewé, tí olúkúlùkù sì ń sọ èdè tirẹ̀.

Ìwé ìrìnnà àlejò sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà. Bí oṣù ìbímọ bá gbà, ẹ dé ní oṣù kẹrin. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òtútù ni, kéèlì ni kí ọmọ yín ti gbìn sílẹ̀ láti oṣù keje. Ìrì dídì kì í pa á, ó ń mú kí ó dùn sí i ni, ẹ̀gúsí sì bá a mu. Kí oṣù kẹwàá tó wọlé, ẹ gé gbogbo tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ẹ bọ tẹ̀tẹ̀ náà fẹ́rẹ́, kí ẹ sì kó wọn sínú fírísà. Ewédú yóò ti máa tanná nígbà náà, ṣùgbọ́n òtútù kì í jẹ́ kí èso rẹ̀ gbó, nítorí náà pákẹ́ẹ̀tì tuntun ni a ó tún rà bí ọdún bá yí.