Ìyá, kì í ṣe ara ọmọge ló padà dé

Ẹ̀yin ìyá wa ní Fìdítì àti Ìlọrà, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa ta yín lára díẹ̀.

Ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún ọdún kan gbáko, tó tún wá rí ẹ̀jẹ̀, kódà kó jẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹ yéé fi ṣe ẹ̀rín níbi ìpàdé pé ó ti padà di ọmọge. Ó lè jẹ́ pé awọ inú ilé ọmọ ló ń nípọn jù. Họ́mọ̀nù estrogen ń mú awọ yìí dàgbà, progesterone ló ń kó o níjàánu. Bí èkejì bá dínkù, awọ á máa nípọn ṣáá. Ọ̀rá ara náà máa ń pèsè estrogen, ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ lára ẹni tó sanra. Iṣẹ́ ayé kọ́, iṣẹ́ orogún kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìgò àgbo ìfọ ilé ọmọ kiri, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Èwo nínú egbò igi yín ló lè sọ bóyá sẹ́ẹ̀lì inú awọ náà ti ń yí padà? Skáànù ló ń fi hàn pé ó nípọn. Bíbù díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò ló ń fi irú rẹ̀ hàn. Bí sẹ́ẹ̀lì kò bá tíì yí padà, nínú 100 obìnrin, kò tó 5 tó máa di jẹjẹrẹ fún láàárín 20 ọdún. Oògùn progesterone ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, yálà oníhóró fún oṣù 6 ó kéré tán, tàbí èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ bíi ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti yí padà ńkọ́? Yíyọ ilé ọmọ ni wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn; ẹni tó ṣì ń wá ọmọ yóò bá dókítà sọ ti oògùn. Àwọn kan ní ẹni tí wọ́n yọ tirẹ̀ kò ní í bímọ tó bá tún ayé wá. Ayé tó wà nínú rẹ̀ yìí ńkọ́?

Òótọ́ ni, owó àyẹ̀wò ju owó ìgò àgbo kan lọ. Ṣùgbọ́n ìgò mélòó lẹ ti mu? Aṣọ ẹgbẹ́ tí à ń dá lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ ká fi ti ọdún kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú. UCH wà ní Ìbàdàn láti 1957, ọkọ̀ Fìdítì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ará Ìlọrà sún mọ́ ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́.

Ẹ ka èyí sétí ìyá tí kò lè kàwé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn.